Yekini kì í ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan

Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó tọ́jú ẹ di alẹ́. 🧵

Lóṣù karùn-ún tó kọjá, mo ṣe fídíò kan nípa Rashidi Yekini. Àwọn kan nínú yín rí i. Àwọn kan tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi láìmọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Mo fi dùùrù tó ń mú èèyàn sunkún sí i lábẹ́. Mo kọ́kọ́ fi ibi tó ti di àwọ̀n mú ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1994 hàn, lẹ́yìn náà mo fi àwòrán ẹ̀ kan tẹ̀lé e, èyí tó ti rù, mo wá kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀: OHUN TÍ WỌ́N ṢE FÚN YEKINI.

Ta ni "wọ́n"? Èmi gan-an ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé téèyàn bá ti kọ "wọ́n", àwọn èèyàn á dúró wò ó ni.

Wọ́n sì dúró lóòótọ́. Fídíò yẹn kọjá gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti parí agùnbánirọ̀. Èmi tí mo ti fi odidi ọdún kan ṣe fídíò wàrà, fídíò Ọjà Ọba, fídíò ọmọ Unilorin tó ń lé kẹ̀kẹ́ ní Tanke, tó jẹ́ pé àwọn àbúrò mi nìkan ló ń wò ó dópin. Lójú ọjọ́ méjì, fóònù mi ò dákẹ́ mọ́.

Ẹ mọ irú kọ́mẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀. "Ayé le." "Àwọn ará abúlé ti ṣiṣẹ́ wọn." "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ògo wa wọmi." Ẹnì kan kọ "wèrè" síbẹ̀, ó fi ẹ̀rín mẹ́ta tì í. Mo tẹ ọkàn sí i. Mo máa ń tẹ ọkàn sí gbogbo kọ́mẹ́ǹtì ni, kí app lè mọ̀ pé ibẹ̀ ń gbóná. Àmọ́ mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ni.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rẹ́ bàbá mi kan pè mí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, apá Ọ̀ffà ló ti wá, láti kékeré la ti ń pè é ní Bàbá Ọ̀ffà. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú oríire ni.

"Ọmọ mi, mo rí fíìmù tí o ṣe."

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Mi ò tíì yìn ẹ́ o. Mo ní mo rí i."

Ha.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí ẹni pé kíláàsì JSS 2 la wà. Ẹgbẹ́ wo ni Yekini wà nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé? Mo ní Super Eagles. Ó ní yàtọ̀ sí Super Eagles, ẹgbẹ́ wo ló ń sanwó fún un? Mo dákẹ́. Aṣọ wo ni wọ́n ń wọ̀? Mo dákẹ́. Kí ló ń ṣe ní Ibadan nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún? Mo ní bóyá ó ń gbé níbẹ̀, sà.

Ó mí kanlẹ̀. "O mọ ibi tó kú sí, o ò mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́."

Kò pariwo mọ́ mi o. Ìbá sàn kó pariwo.

Torí náà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo wá lọ kọ́ fún yín, nítorí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ ọwọ́ méjèèjì tó na láàárín àwọ̀n. Gbogbo wa la gbọ́ pé ìgbẹ̀yìn ò dára. Àárín ńkọ́?

Kaduna ni wọ́n bí i sí, ní October 23, 1963. Ọmọ Ìrá ni, Ìrá tó wà nítòsí Ọ̀ffà, tí àwọn àgbà ń pè ní ìlú Ọya. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan tó ti Kwara jáde rí, ẹ gbọ́. Ní Kaduna, ó gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fi orúkọ wọn sí aṣọ ẹlòmíì.

Ní 1982 ló dé Ibadan, ó bọ́ sí Shooting Stars. Ní 1983, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà. Ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè ní Áfíríkà, Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ló nà wọ́n. Tí bàbá yín bá jẹ́ ará Ibadan, ẹ dárúkọ Zamalek lójú rẹ̀, kí ẹ wo bí ojú náà á ṣe yí padà. Ọmọ ogún ọdún ni Yekini lásìkò yẹn. Ohun tó ń ṣe ní Ibadan nìyẹn.

Látibẹ̀ ó lọ sí Abiola Babes ní Abeokuta, ẹgbẹ́ olóògbé M.K.O. Abiola. Wọ́n gba ife FA ní 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Ó kọjá sí Abidjan, ó wà pẹ̀lú Africa Sports. Ìgbà tó di 1990 ló tó dé ilẹ̀ Potogí, sí ẹgbẹ́ Vitória de Setúbal.

Ẹ dúró ná, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá bí i ní 1963, tó dé Yúróòpù ní 1990, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 27. Lónìí, tí agbábọ́ọ̀lù bá ti pé ọdún 27 ní Nàìjíríà tí kò tíì jáde, wọ́n á ní kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn, tàbí kó lọ gé díẹ̀ kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀ (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é). Àwa tí a ò gbá bọ́ọ̀lù pàápàá, a ti pé ọdún 24 báyìí, vísà ò tíì dé, a ti ń kọ "ó ti tán fún mi" sórí status. Èmi náà wà níbẹ̀.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè fi ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí o. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà ní Kaduna àti Ibadan ni kò dé ibì kankan, wọn ò sì ṣọ̀lẹ. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ìgbésí ayé ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́, ọjọ́ kan lórí èkejì, fún ọdún mẹ́jọ, kí òyìnbó kankan tó mọ orúkọ rẹ̀.

Setúbal yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe Benfica, kì í ṣe Porto. Ìlú apẹja ni, ó wà lẹ́bàá omi, kò jìnnà sí Lisbon. Aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun tó ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ ni wọ́n ń wọ̀. (Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.) Ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì, Yekini ò sá, ó bá wọn gbá a níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé wọn padà sókè. Nígbà tí wọ́n padà sí ìpele kìíní, ní sáà 1993 sí 1994, góólù 21 ló gbá wọlé. Kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé ní gbogbo líìgì Potogí lọ́dún yẹn. Benfica wà níbẹ̀ o. Porto wà níbẹ̀. Sporting wà níbẹ̀. Ọmọ Ìrá, láti inú ẹgbẹ́ ìlú apẹja, ló gbá tó pọ̀ jù.

Ní 1993 yẹn náà ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Amuneke, Kanu àti Ikpeba wá gbà á, kó tó di pé ó já wá sọ́wọ́ Osimhen ní 2023. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ tún wo ti Super Eagles. Nàìjíríà ti ṣe ipò kejì ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, ní 1988, ní 1990. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ní 1992, Yekini ló gbá góólù tó pọ̀ jù níbi ìdíje náà, a ò sì gba ife. Ní 1994 ní Tùnísíà, ó tún gbá márùn-ún, òun náà ló tún pọ̀ jù, a sì wá gba ife náà wálé. Amuneke ló gbá méjèèjì tó wọlé lọ́jọ́ àṣekágbá, torí náà òun làwọn èèyàn ń rántí fún ọjọ́ yẹn, kò burú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé wa dé ibẹ̀?

Góólù 37 ló gbá fún Nàìjíríà lápapọ̀. Kí ẹ lè mọ bó ṣe ga tó: kí Osimhen tó dé, Segun Odegbami ló tẹ̀ lé e, 23 ni tiẹ̀. Odegbami o! Ọgá ni Odegbami. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí ẹni tó tilẹ̀ rí ẹ̀yìn Yekini lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó wá ku góólù yẹn gan-an. June 21, 1994, ní Dallas, ọ̀gànjọ́ òru lọ́dọ̀ wa níbí. Bàbá Ọ̀ffà ní àwọn mẹ́tàdínlógún ló wà nínú pálọ̀ kan, tẹlifíṣọ̀n kékeré, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ nítorí pé kò ní bá àyè ìjókòó ẹ̀ mọ́ tó bá padà dé. Finidi sáré gba apá ọ̀tún, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ gba iwájú ilé, Yekini ti wà níbẹ̀, ó kàn fi ẹsẹ̀ kàn án.

Ẹ padà lọ wo bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa. Ó rọrùn. Èmi tí mò ń kọ èyí lè gbá a wọlé. Nínú gbogbo góólù tó gbá láyé ẹ̀, bóyá ni kì í ṣe pé èyí ló rọrùn jù. Ohun tó le ni pé kéèyàn wà níbi tó wà yẹn, lásìkò tó wà níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ọdún méjìlá tó ti ń ti Kaduna bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọ inú àwọ̀n lọ, tó di í mú, tó na ọwọ́ méjèèjì jáde, tó ń ké. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé inú ẹ̀ kàn dùn ni. Báyìí, tí mo bá wo ojú ẹ̀, ó dà bí ẹni tó gbé ẹrù láti òwúrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi sọ̀ ọ́.

Góólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé nìyẹn. 3-0 ló parí sí. Àwọn Bùlgáríà tí a nà yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o: Stoichkov wà nínú wọn, wọ́n padà lé Jámánì jáde nínú ìdíje náà, wọ́n sì ṣe ipò kẹrin lágbàáyé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì, kò rí bó ṣe fẹ́ níbẹ̀. Ó lọ sí Gijón ní Sípéènì. Ó padà sí Setúbal. Ó dé Zürich. Ó dé Saudi Arabia. Ó padà sí Abidjan. Mi ò ní pẹ́ níbí yìí, àyàfi lórí ọ̀kan: ní 2005, Rashidi Yekini wà ní Abeokuta, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Gateway. Ọmọ ọdún 41. Ẹni tó ti jẹ́ ọba Áfíríkà, ó ń wọ bàtà bọ́ọ̀lù nínú líìgì Nàìjíríà, lórí pápá tí ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Àwọn kan á ní owó ló ń wá. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé bọ́ọ̀lù ni ọ̀rẹ́ tó mọ̀ jù lọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbé láyé lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ yẹn bá lọ. Èrò tèmi nìyẹn, ẹ lè bá mi jiyàn.

Ó wá dé ibi tí mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀.

Yekini kú ní May 4, 2012. Ọmọ ọdún 48. Ibadan ló ń gbé lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Kó tó kú, àwọn ìwé ìròyìn ti ń kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ò yá, pé àìsàn ọpọlọ ń bá a jà. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló kà á. A kà á bí ẹni ń ka ìtàn àròsọ.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tí gbogbo yín mọ̀: wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìlàjì kejì la máa ń fà yọ, torí pé òun ló ń dẹ́rù bani. Ẹ wá padà gbọ́ ìlàjì àkọ́kọ́. Dùn ún wò. A ti jẹ́wọ́ tipẹ́ pé ó ń dùn mọ́ wa. Kí fóònù tó dé, kí app kankan tó dé, a ti mọ̀ pé tí ọpọlọ ẹnì kan bá dà rú, a máa dúró wò ó. Èmi kàn fi dùùrù sí i ni.

Màmá mi ní àbúrò kan. (Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ eléyìí, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun.) Nígbà tó wà nílé ìwé girama, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún kan ara rẹ̀ ò yá mọ́. Kì í sùn. Ó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó jáde nílé, ó rìn dé Post Office, ẹnì kan sì yọ fóònù, ó yà á. Fídíò yẹn yí gbogbo Ilorin ká kí màmá mi tó rí kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e débẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, mo ń ṣépè fún ẹni tó ya fídíò yẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ mò ń ṣépè fún un.

Àǹkù mi ti ń lo oògùn déédéé báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣàríyànjiyàn Arsenal pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Ó rí fídíò Yekini tí mo ṣe. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Mo yọ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan ti kọ̀wé sí mi, wọ́n fẹ́ kí n ṣe apá kejì àti apá kẹta, kí n máa fi ti àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn tí ìgbẹ̀yìn wọn ò dára tẹ̀lé e, kí wọ́n máa fi orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀. Owó tí wọ́n dá ju ohun tí mo rí gbà ní gbogbo ọdún yẹn lọ. Ojú fóònù mi ti là, bátìrì kì í lo wákàtí méjì. Mo ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọjọ́ kìíní ni mo ti kọ̀ ọ́.

Àwọn kan á sọ pé: ṣé ká má sọ òtítọ́ nípa ikú rẹ̀ ni? Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ pé àìsàn ni. Àìsàn ní orúkọ, ó ní oògùn, ó ní dókítà. "Àwọn ará abúlé" ò ní kankan nínú ìyẹn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tó gbà gbọ́, Ilorin ni mo ń gbé, mo mọ bí àdúrà ṣe rí. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ṣẹ́sẹ̀ lórí pápá, a máa ń gbé e dé ọsibítù ná kí a tó béèrè pé ta ló tì í. Kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá ti kan orí, ìbéèrè la fi ń bẹ̀rẹ̀?

Ohun kan tún wà tó bà mí lẹ́rù nígbà tí mo kà á. Ní 2012 tí Yekini kú, òfin tó wà fún ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà ṣì jẹ́ ti 1958, láti ayé òyìnbó amúnisìn. "Òfin ọ̀rọ̀ wèrè" ni orúkọ rẹ̀ ní tààràtà. Bí wọ́n ṣe máa mú èèyàn tì mọ́lé ló gbájú mọ́, kì í ṣe bó ṣe máa gbádùn. January 2023 ni wọ́n tó buwọ́ lu òfin tuntun tó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Ìyẹn ni pé a ti ní Osimhen, a ti ní TikTok, òfin wèrè 1958 ṣì wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Àró wà ní Abeokuta láti 1954, ọ̀jọ̀gbọ́n wa Adeoye Lambo ti ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ayé ń wá wò, àwa ní tiwa sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà di èébú. "Ẹ gbé e lọ Àró." Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí. Èmi náà.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Robert Enke, aṣọ́lé wọn, ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jẹ́ kí ayé mọ̀. Ó kú ní November 2009. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó dárúkọ àìsàn náà, kò fi pamọ́. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì, àjọ líìgì wọn àti ẹgbẹ́ tó ti ṣiṣẹ́, Hannover 96, ti pawọ́ pọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, tó ń rí sí àìsàn yẹn láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kò jí Enke dìde. Àmọ́ agbábọ́ọ̀lù tó bá wà nínú irú rẹ̀ lónìí mọ ibi tó lè pè.

Àwa ńkọ́? Ẹni tó bá lọ wo Kwara United ní pápá wa níbí mọ̀ pé orúkọ Yekini ló wà lórí pápá ńlá inú Stadium Complex báyìí. Inú mi dùn sí i, mo ti ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ọmọ tó ń sáré lórí pápá yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá ṣẹ́ léegun lọ́la, ta ló máa sanwó ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ inú líìgì wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n, owó oṣù á jáde bí owó bá ti jáde. Tó bá wá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 35, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, oorun ò wá mọ́ lóru, ta ni yóò pè? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí", a jẹ́ pé a ti kọ orúkọ sára ògiri ni, a ò tíì ṣe ohun tí orúkọ náà ń béèrè.

Ìyẹn sì ni fídíò tèmi bò mọ́lẹ̀. Téèyàn bá ti ní "wọ́n" ló ṣe é, tí "wọ́n" yẹn wà ní abúlé kan, ó ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí a máa bi. Kò kan NFF, kò kan ìjọba, kò kan ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan, kò kan èmi tí mò ń pawó lórí rẹ̀. Gbogbo wa á mi orí, a ó ní "ayé le", a ó sún fóònù sókè lọ wo ẹni tó ń jó.

Mo ṣe òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, mo bẹ̀rẹ̀ láti Kaduna, mo gba Ibadan, mo gba Abeokuta, mo lo ìṣẹ́jú méjì gbáko lórí Setúbal nìkan. Kò sí dùùrù. Ikú rẹ̀ wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré, mo sì pe àìsàn ní àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó ò pọ̀, mi ò ní tàn yín. Kò dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Ojú fóònù mi ṣì là bó ṣe là.

Àmọ́ Àǹkù mi fi sórí status rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sí i, ó kàn fi síbẹ̀.

Bàbá Ọ̀ffà náà wò ó. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ mọ bí àwọn bàbá ṣe máa ń ṣe, ìdajì rẹ̀ ló fi ń wúkọ́. Ó ní: "Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Ṣùgbọ́n o fo Bizerte. Ní Tunisia. Orílẹ̀-èdè tó ti gba ife Áfíríkà ní 1994, ó tún padà lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 1998, fún ẹgbẹ́ Bizerte. Báwo lo ṣe máa fo ìyẹn, ọmọ mi?"

Mo ti ń tún un ṣe. Ó máa jáde ní Friday, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni báyìí.